Ìràwọ̀ Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Onídìrí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Sùúrùlérè

Ọ̀gá onídìrí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti ń ṣe irun ní Sùúrùlérè láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí òpópónà Adéníran Ògúnsànyà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi: àga mẹ́rin, dráyà méjì, abọ́ ìfọrun kan, ọmọ iṣẹ́ márùn-ún. Mo gba àyè lọ́wọ́ òun àti lọ́wọ́ oníbàárà náà kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn onídìrí, aránṣọ àti àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù fún ìyàwó tọ́jú ojú-ewé ṣọ́ọ̀bù wọn lórí Google. Nínú gbogbo ẹjọ́ rífíù (ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń kọ sójú-ewé ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ìràwọ̀ kan sí márùn-ún) tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, èyí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù, nítorí pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣàṣejù nítorí rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù jẹ̀bi, síbẹ̀ wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Kí ìjà tó dé, rífíù 31 ló wà lójú-ewé rẹ̀. Èèyàn 27 fún un ní ìràwọ̀ 5, mẹ́rin fún un ní 4, Google sì ṣírò rẹ̀ sí 4.9. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kì í wo nọ́ńbà yẹn kí wọ́n tó wá, wọ́n ti mọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, tàbí ẹni tó wá síbi ìnáwó tó ń wá ibi tí wọ́n á ti bá a tún irun ṣe kíá, fóònù ló ń bi. Ọ̀gá náà sọ fún mi pé bí ẹni tuntun mẹ́wàá bá wọlé, ó máa ń tó mẹ́rin nínú wọn tó máa ń ní orí máàpù Google lòun ti rí i.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, àsìkò tí onídìrí kì í rí àyè jẹun. Omidan kan tó lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún wọlé, ó ní kí wọ́n fi rílásà sí irun òun. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló tú irun tó dì tẹ́lẹ̀, ó sì ti fi ìyarun họ orí rẹ̀ dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró tì í kò bi í. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ohun tó ń na irun nínú rílásà alágbára ni kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Awọ orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ họ kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣe ló yẹ kí wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Wọn ò tiẹ̀ tún fi fásílìnì pa etí irun rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀.

Ọ̀gá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti lọ ṣe irun ìyàwó kan ní Yábàá. Nígbà tí omidan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ó ń ta òun, ọmọ iṣẹ́ ní, "Àǹtí, ẹ fara dà á díẹ̀ sí i, kò tíì mú." Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ìdí abọ́ ìfọrun, kò sí omi nínú táńkì. Iná ti lọ láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí tan jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n fi fa omi. Ọ̀kan nínú wọn sáré jáde lọ wá mẹ́ruwà. Kí kẹ́ẹ̀gì omi kan tó dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ.

Ọ̀gá padà dé, ó bá a níbi tó ti ń sunkún. Ó wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ní: "Gbogbo rílásà ló ń ta èèyàn lórí. Tó o bá délé, fi òróró àgbọn pa á." Ó gba ₦9,000 rẹ̀, kò dín kọ́bọ̀. Omidan náà fi fóònù sanwó, ó wé ìborí rẹ̀, ó lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ rífíù, pẹ̀lú ìràwọ̀ kan. Gbólóhùn márùn-ún ni: "Wọ́n jó mi lórí. Mo ké títí, wọn ò dá mi lóhùn. Kíríìmù wọn ti kọjá ọjọ́ lílò. Ọ̀gá wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Olè ni wọ́n." Ìràwọ̀ kan yẹn fa 4.9 wá sí 4.8. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ì bá má tó nǹkan.

Ọ̀gá ò jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní òru, ó sì dáhùn ní gbangba pé làpálàpá ti wà lórí omidan náà kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù òun, pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Kò sí làpálàpá kankan, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ká tiẹ̀ ní ó wà ńkọ́? Ẹni tó tú gèlè níwájú rẹ, tó gbé orí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, àṣírí rẹ̀ ló fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ yẹn. Ó dùn mí nígbà tí mo ka ìdáhùn yẹn. Mo ti rí onídìrí tó ṣe irun tí kò dáa tí oníbàárà sì dárí jì í. Mi ò tíì rí èyí tó tú àṣírí ara oníbàárà síta tí wọ́n dárí jì kíákíá.

Láti orí ìdáhùn yẹn ni rífíù ti di ohun ìjà. Ẹ̀gbọ́n omidan náà rí i, inú bí i, ó sì fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé kó san ₦200,000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á rí i pé ojú-ewé rẹ̀ bàjẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni ò ní í wá mọ́. Láàárín ọjọ́ méjì, rífíù oníràwọ̀ kan márùn-ún wọlé. Rífíù ti di 37, nọ́ńbà sì ti já sí 4.2. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti fi àwòrán ọmọ iṣẹ́ tó ṣe irun náà sí i, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n pè é ní àjẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi wá síbi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń bi ọ̀gá bóyá kóun wá kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé "rífíù lásán ni" rò ó wò. Bí oúnjẹ ilé ìjẹun ò bá dùn, ìkòkò ni wọ́n ń bú. Bí irun ò bá dáa, ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n ń bú, ẹni náà lórúkọ, ó sì lójú.

Ọmọbìnrin ọ̀gá wá ronú pé ìràwọ̀ ló ń lé ìràwọ̀. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì jọ, wọ́n kọ rífíù 11, ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún, "ibi tó dáa jù ní gbogbo Èkó." Wọ́n tún lẹ ìwé mọ́ ara dígí pé ẹni tó bá fún wọn ní ìràwọ̀ 5 á rí ẹ̀dínwó ₦1,000. Nọ́ńbà gòkè dé 4.4, inú gbogbo wọn dùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, Google yọ mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá náà, ó sì gbá mẹ́rin nínú àwọn rífíù àtijọ́ mọ́ wọn, ti àwọn oníbàárà tòótọ́ tí wọ́n fi ìràwọ̀ 5 sílẹ̀ láti inú ọkàn wọn. Wọ́n padà sí 4.2. Rífíù iyebíye mẹ́rin ti lọ, wọn ò sì rí wọn gbà padà. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yin ara rẹ̀ lórí Google, ohun tó lè pàdánù tóbi ju ohun tó rò lọ: wọ́n lè dí ojú-ewé náà kó má lè gba rífíù tuntun fún ìgbà kan. Ìwé ẹ̀dínwó yẹn náà lòdì sí òfin wọn. Kì í ṣe Google nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀: ní 2024 ni Amẹ́ríkà gbé òfin jáde tó ka rífíù èké sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin òwò wọn, Bìrìtìkó náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025.

Ìgbà yìí ni wọ́n tó pè mí. Ìgbà tí mo dé ọ̀hún, àbúrò ọ̀gá lọ́kùnrin ti wà níbẹ̀, ó ní òun mọ ọlọ́pàá kan, kí wọ́n lọ gbé omidan náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀gá ń wojú mi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má ṣe é." Mo rán wọn létí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí obìnrin kan ní Èkó kọ sórí Facebook pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú tòmátò kan tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, ariwo tó sì tẹ̀lé e fọ́n ọ̀rọ̀ náà ká ju bí obìnrin náà ṣe lè fọ́n ọn ká fúnra rẹ̀ lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 pàápàá sọ pé wọn ò gbọdọ̀ torí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀ lásán mú èèyàn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn, wọ́n ti tún un ṣe ní 2024, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti bí ẹnì kan nínú ló wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo sì bi àbúrò ọ̀gá ní ìbéèrè kan: bí ọlọ́pàá bá bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n jó o lórí, kí ni wọ́n máa sọ? Kò rí èsì fọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ní kí wọ́n ya ìwé tó wà lára dígí kúrò, kí ọ̀gá sì pa ìdáhùn làpálàpá yẹn rẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà la wá kojú ìràwọ̀ kan márùn-ún. Ó ń búra pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jókòó sórí àga òun rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mi ò lè fi ìbúra ẹnì kan ránṣẹ́ sí Google. Ṣọ́ọ̀bù náà kò sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà sí. Ṣùgbọ́n ní Èkó òde òní, fóònù ni púpọ̀ àwọn èèyàn fi ń sanwó, nítorí náà mo ní kó ṣí àlááàtì báǹkì rẹ̀, ti oṣù Kọkànlá àti ti oṣù Kejìlá.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Òun ń ka orúkọ, èmi ń fi wé orúkọ àwọn tó kọ rífíù. Àkọ́kọ́, kò sí. Èkejì, kò sí. Bí a ṣe ń lọ ni ojú rẹ̀ ń tú ká. Nígbà tó kan ẹni karùn-ún, ẹni tó kọ pé òun jókòó fún wákàtí mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irun òun, a rí orúkọ ìdílé kan náà: ₦6,000, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, láti àkáǹtì ọkùnrin kan. Ọ̀gá dákẹ́. Ó tún un kà. Ó wá ní, "Yéè. Ìyàwó ọkùnrin yìí ni. Ó gbé ọmọ pọ̀n lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló máa ń padà sí mi lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò mọ omidan náà, kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ìjà ń lọ ló rántí pé wọ́n fi òun jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn fún wákàtí mẹ́rin. Bí a bá ti kó márààrún pọ̀ tí a ní èké ni wọ́n, òun tó sọ òótọ́ la ò bá ti pè ní òpùrọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún fẹ̀sùn kan rífíù kankan mọ́ láìjẹ́ pé a ti wo àlááàtì, ìwé, tàbí ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, láìka bí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ṣe lè búra tó.

Mẹ́rin tó kù ni mo fi sun Google. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò lè pa rífíù oníbàárà rẹ́ fúnra rẹ̀. Ó lè dáhùn, ó sì lè fẹ̀sùn kan èyí tó bá tàpá sí òfin wọn. "Kò dùn mọ́ mi" kì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni rífíù ẹni tí kò bá wọn ṣe nǹkan pọ̀ rí, ti ẹni tí wọ́n fún lówó, èébú, àti títú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn síta. Mo tẹ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti wo àwọn rífíù mìíràn tó ti kọ: méjì nínú wọn ti yin ilé-iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n omidan náà ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan, gbogbo ibi tó ti kọ rífíù rí, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni. Èyí tó ní àwòrán ọmọ iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà, mẹ́ta ti kúrò, àwòrán ọmọ náà sì wà nínú wọn. Nọ́ńbà di 4.5.

Ó wá ku rífíù omidan náà fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n fẹ̀sùn kan èyí náà. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká kà á, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jó o lórí: òótọ́. Ó ké, wọn ò dá a lóhùn: òótọ́, ọmọ iṣẹ́ sọ fún wa bẹ́ẹ̀. Kíríìmù ti kọjá ọjọ́ lílò: irọ́, agolo náà ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ọ̀gá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: mo bi í pé kí ló rò pé ọ̀rọ̀ òróró àgbọn yẹn máa dà bí létí ẹni tí orí rẹ̀ ń jó. Olè: èébú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jó lórí tí wọ́n sì gba ₦9,000 lọ́wọ́ rẹ̀ pé pérépéré ni ó sọ ọ́. Gbólóhùn mẹ́ta nínú márùn-ún dúró. Rífíù tó rí báyìí, ẹni tó kọ ọ́ la ń wá lọ.

"Ṣé kí n wá lọ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí ni?"

Mo ní, "Ẹ má kúnlẹ̀ fún un, Àǹtí. Ẹ kàn lọ wò ó lórí."

Ẹbúté Mẹ́ta ni ilé wọn. Ìyá rẹ̀, àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fún wa ní àga àti omi. Omidan náà jáde wá, kò kí ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ ní kó tú ìborí rẹ̀. Ó tú u. Lẹ́yìn etí òsì, ibi tó tó ìdérí ìgò mínírà kan ti dán, ó pọ́n, kò sí irun kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìpẹ́pẹ́ ṣì wà létí ibẹ̀. Ọ̀gá na ìka sí i, ó fà á padà kó tó kàn án. Ó ní, "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?" Omidan náà bú sẹ́kún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sẹ́ni kankan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó bi òun ní ìbéèrè yẹn.

Ọ̀gá dá ₦9,000 padà, ó sì ní òun á san owó dókítà awọ ara. Kì í ṣe àánú lásán ló ṣe: òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, fún ẹni tí iṣẹ́ wọn ò dáa fún ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá tó bá tọ́ nínú owó rẹ̀ padà. Mo sọ fún omidan náà pẹ̀lú pé bí wọn ò bá dá a lóhùn, ó lè gba ọ̀dọ̀ LASCOPA lọ, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, tàbí ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún ará ìlú, tí kì í gba owó. Kò gbọ́ nípa ọ̀kankan rí. Lójú rẹ̀, rífíù ni gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ àṣejù inú rífíù ló ti ibẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ ₦200,000 wá yọ. Ìyá wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, omidan náà ò mọ̀. Ìyá pe ẹ̀gbọ́n láti yàrá, ó ní kó ka ohun tó kọ sí WhatsApp sókè. Ó kà á dé ìdajì, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ìyá ní, "Ìwọ lo fẹ́ fi orí àbúrò rẹ ṣòwò?" Mi ò ní gbàgbé bí ilé ṣe dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, rífíù èké kẹrin ti kúrò.

Mo ti kìlọ̀ fún ọ̀gá kí a tó kúrò ní Sùúrùlérè pé kò gbọdọ̀ ní kí omidan náà yọ rífíù rẹ̀ nítorí owó tó fẹ́ san. Ẹni tó sanwó kí wọ́n yọ ìràwọ̀ kan àti ẹni tó sanwó kí wọ́n fi ìràwọ̀ márùn-ún sí i, ojú kan náà ni mo fi ń wò wọ́n. Kò béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, omidan náà fúnra rẹ̀ yí rífíù rẹ̀ padà: ó sọ ọ́ di ìràwọ̀ 3, ó yọ ọ̀rọ̀ kíríìmù àti ọ̀rọ̀ olè kúrò, ó fi í sílẹ̀ pé wọ́n jó òun lórí, ó sì fi kún un pé ọ̀gá wá sílé, ó san owó dókítà. Ọmọbìnrin ọ̀gá ti bẹ àwọn akọrin méjì tí tiwọn ṣẹ́kù pé kí wọ́n yọ ọ́. Rífíù 29 ló kù, nọ́ńbà sì jẹ́ 4.7. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ síta padà wá sẹ́nu iṣẹ́ nínú oṣù Kejì.

Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọ̀gá mìíràn láti ìgbà náà kò pọ̀. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó bá jókòó, ọwọ́ ta ló ṣe irun rẹ̀, àti ìgbà tó tú irun rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìwé kan náà ló ń dáàbò bo orí oníbàárà, òun náà ló sì máa gbà yín lọ́wọ́ rífíù èké. Ẹ má ṣí agolo rílásà títí tí dírọ́ọ̀mù á fi kún fún omi. Ẹ má dáhùn rífíù lóru. Bí ẹ bá máa ní kí àwọn èèyàn kọ rífíù, gbogbo wọn ni kí ẹ sọ fún, àtẹni tó ń rẹ́rìn-ín àtẹni tó fajú ro, kí wọ́n sì lọ kọ ọ́ nílé wọn, kì í ṣe lórí àga nígbà tí ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ yín lókè orí wọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù Sùúrùlérè, ìwé ìkọ̀wé kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí báyìí, bírò wà lẹ́nu okùn náà. Ìràwọ̀ kan obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n ṣì wà lójú-ewé wọn títí di ọjọ́ tí mò ń kọ èyí. Ìdáhùn ọ̀gá wà lábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́: "Òótọ́ lẹ sọ, mọ̀mí. Ẹ jókòó pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Obìnrin náà kò tíì padà wá.